Ìwé Tí Ṣìkẹ́mi Yìn

Ní kíláàsì Praímárì Fáìfù tí Ántí Charity ń kọ́ ní Baruwa, ọ̀sán Friday kì í ṣe ti ìṣirò. Tí wọ́n bá ti jẹun ìsinmi tán, ọmọ kan á bọ́ síwájú, á gbé ìwé tó fẹ́ràn jù lọ sókè, á sì sọ fún àwọn yòókù ìdí tó fi yẹ kí wọ́n kà á. Òfin méjì péré ni Ántí Charity ṣe. Àkọ́kọ́ ni pé ìwé tí o bá yìn, o gbọ́dọ̀ gbà kí wọ́n yá a, torí kò sí ohun tó ń bí i nínú tó ọmọ tó ń pọ́n nǹkan lé lójú ẹgbẹ́ tó sì tún ń gbé e pa mọ́. Èkejì ni pé ẹni tó bá yá ìwé gbọ́dọ̀ dá a padà ní mímọ́ ju bó ṣe gbà á lọ. Òfin kejì yìí jáde lẹ́yìn tí ìwé ọmọ kan tó ń jẹ́ Testimony rìnrìn àjò dé ilé ẹnì kan tó sì padà pẹ̀lú epo pupa lójú ewé mẹ́fà. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá dá ìwé padà ní mímọ́ a gba ìràwọ̀ aláwọ̀ góòlù, gbogbo kíláàsì a sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Gbogbo wọn ti ṣe tiwọn tán kó tó kan Olúwaṣìkẹ́mi. Kì í ṣe pé wọ́n gbàgbé rẹ̀ o. Láti ìgbà tí màmá rẹ̀ ti kú lọ́dún tó kọjá ni ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ náà ti dín kù, Ántí Charity mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń dọ́gbọ́n fo orúkọ rẹ̀. Àmọ́ nígbà tó di Friday kan, kò sí orúkọ mìíràn mọ́ nínú rẹ́jísítà. Ántí tẹ̀ sí i létí, ó ní, "Ṣìkẹ́mi, ṣé wàá gbìyànjú ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀? Tí kò bá rọrùn, fi sílẹ̀, kò sí wàhálà." Ṣìkẹ́mi ní òun á ṣe é.

Ìwé kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn rẹ̀. *Ewúrẹ́ Tó Mọ Ọ̀nà Ilé* ni orúkọ rẹ̀, ìwé pẹlẹbẹ kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, tí wọ́n sì fi kàlẹ́ńdà ìjọ wé. Màmá rẹ̀, Ìyáàfin Susanna, ọmọ Èkìtì, olùkọ́ ní ilé ìwé kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, ló rà á fún un. Nígbà tí àìsàn wá dá obìnrin náà dúró sílé fún oṣù mẹ́fà, ìwé yìí ni àwọn méjèèjì jọ ń kà lọ́sàn-án. Bí Ṣìkẹ́mi bá ti dé láti ilé ìwé, á bọ́ bàtà, á gun bẹ́ẹ̀dì, wọn á ka ojú ewé kan tàbí méjì, nítorí kì í pẹ́ tó fi ń rẹ màmá. Bàbá rẹ̀ ò sí ńbẹ̀ rí. Iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ní Aláúsá kì í jẹ́ kó délé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ṣìkẹ́mi ìgbà yẹn kì í pa ẹnu mọ́ tí wọ́n bá ń kàwé. Ó ní ohun tó máa sọ sí ewúrẹ́, ó ní ohun tó máa sọ sí olówó ewúrẹ́. Nígbàkigbà tó bá sọ ohun tó pa màmá rẹ̀ lẹ́rìn-ín, màmá á fa pẹ́ńsù yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, á kọ ọ́ sí etí ìwé pẹ̀lú déètì, ní lẹ́tà wẹ́wẹ́ tó so mọ́ra wọn.

"Kí lẹ̀ ń kọ, Mummy?"

"Ohun tó o sọ ni jàre. Tó o bá dàgbà, wàá kà á, wàá rí irú onísọkúsọ tó o jẹ́."

Wọ́n ka ìwé náà tán lẹ́ẹ̀mẹta kí màmá tó kú. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ojú ewé tí pẹ́ńsù ò kàn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ẹ̀gbọ́n màmá wá láti Èkìtì, wọ́n pín aṣọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń pín in. Kò pé oṣù méjì, àwọn olè já fóònù tí ohùn màmá wà nínú rẹ̀ gbà lọ́wọ́ bàbá Ṣìkẹ́mi lórí afárá Ìyànà Ìpájà. Ìwé ewúrẹ́ ló kù. Ṣìkẹ́mi kò sì ka àwọn ọ̀rọ̀ etí ìwé náà tán. Ó ń ṣọ́ wọn jẹ bí ẹni tí ẹran kan ṣoṣo kù fún. Tí ọjọ́ kan bá le jù fún un, á ṣí ojú ewé kan, á fi sùúrù tú lẹ́tà wẹ́wẹ́ yẹn títí á fi yé e, á rẹ́rìn-ín, á sì pa ìwé dé. Ojú ewé kọkànlá ló dé. Ojú ewé méjìdínlógójì ni ìwé náà ní.

Ẹ máa béèrè pé irú ìwé báyìí, ta ló ń gbé e síta? Èmi náà béèrè. Àmọ́ ẹ wo ilé tí ọmọ náà ń gbé. Bó bá ti dá orúkọ màmá rẹ̀, bàbá rẹ̀ á dìde, á jáde sí bàkónì, á máa wo títì. Ọkùnrin náà kì í ṣe èèyàn burúkú, ọ̀fọ̀ ló gbé e mì. Nítorí náà ọmọ ọdún mẹ́wàá dá ète kan nínú ara rẹ̀. Ó rò pé ẹni tó bá yá ìwé òun máa rí ìkọ̀wé yẹn, á kà á, á sì béèrè pé, "Ta ló kọ eléyìí?" Nígbà náà, òun á rí ẹnì kan tí òun máa sọ̀rọ̀ màmá òun fún. Gbogbo ohun tó ń wá kò ju ìyẹn lọ.

Ó ti múra ohun tó máa sọ sílẹ̀. Òpin rẹ̀ ni pé, "Màmá mi ló kọ̀wé sí i, ẹ rọra mú un." Nígbà tó dúró níwájú kíláàsì, ó sọ bí wọ́n ṣe ta ewúrẹ́ náà lọ́jà tó jìnnà, bó ṣe fi imú mọ odò, tó fi etí mọ ìró ọlọ ìyáálé ilé, tó sì rìn títí ó fi dẹ́nu ọ̀nà àwọn tó tà á. Ó sọ ọ́ débi pé Testimony gbàgbé láti pa ẹnu rẹ̀ dé. Nígbà tó kan gbólóhùn ìkẹyìn, ó mọ̀ pé bí òun bá fi lè pe màmá òun báyìí, òun máa sunkún lójú gbogbo wọn. Ó gbé gbólóhùn náà mì. Ó kàn ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á."

Ọwọ́ mẹ́tàdínlógún ló nà sókè, irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí. Zulaihat tí wọ́n jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ni Ántí Charity fún ní ìwé náà. Òfin mímọ́ kò wá sí Ṣìkẹ́mi lọ́kàn rárá. Òfin yẹn wà fún epo pupa àti wọ́kuwọ̀ku ọmọdé. Lójú tirẹ̀, ìkọ̀wé màmá rẹ̀ kì í ṣe ìdọ̀tí.

Lọ́jọ́ Monday, ó béèrè lọ́wọ́ Zulaihat pé, "Ṣé o ti ń kà á?"

"Mo ti kà á tán ṣá. Ó dùn gan-an." Zulaihat rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àmọ́ mi ò tíì lè dá a padà. Nǹkan kan wà tí mò ń ṣe sí i. Tó bá di Friday, wàá rí i."

Ọkàn Ṣìkẹ́mi fò. Ó ti rí i, ó wí nínú ara rẹ̀. Ó ti rí ìkọ̀wé Mummy, ó ń tú u kà ni. Láti Tuesday títí di Thursday, ẹni tó bá mọ ọmọ náà máa rí i pé ó ń rìn bí ẹni tí wọ́n ṣèlérí fún. Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n ń kọrin lórí ìlà láàárọ̀, Ántí Charity rí i, inú obìnrin náà sì dùn pé ìwé yíyìn ọjọ́ Friday ti ṣe ọmọ yìí lóore.

Ní Friday, Zulaihat bọ́ síwájú. Ó ti pààrọ̀ kàlẹ́ńdà ìjọ tó ya sí bébà tuntun, ó ti fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ̀yìn ìwé tó ṣí. Ó gbé e lé Ántí lọ́wọ́. Ántí ṣí i láàárín, ó tún ṣí i níwájú, ó ní, "Ẹ wo ìwé yìí. Bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Zulaihat, báwo lo ṣe ṣe é?"

"Ẹnì kan ti fi pẹ́ńsù kọ nǹkan sí gbogbo etí ẹ̀, Ántí. Mo fi kílínà pa á rẹ́. Kílínà mi tán, mo gé rọ́bà sílípáàsì ṣe ìyókù. Ọjọ́ mẹ́rin ni." Ó na ìka rẹ̀ jáde, àtàǹpàkò rẹ̀ ti wú.

Ilé ọlọ́mọ márùn-ún ni Zulaihat ti wá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń ṣe ìwé níbẹ̀ lópin ọdún: ẹ̀gbọ́n á jókòó, á pa gbogbo ìdáhùn rẹ́ kí ìwé tó kan àbúrò. Ìfẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ta ló fẹ́ bá ọmọ náà jà?

Ántí Charity lẹ ìràwọ̀ fún un. Kíláàsì pàtẹ́wọ́. Ṣìkẹ́mi gbọ́ tí Ántí ń sọ pé, "Olúwaṣìkẹ́mi, dìde, dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ẹ." Ó dìde. Ó ní, "O ṣeun, Zulaihat." Ó tún jókòó.

Nígbà tí wọ́n ń kó báàgì, ó rọra bi Zulaihat pé, "Ṣé o kà wọ́n kó o tó pa wọ́n rẹ́?"

"Kí ni n bá kà? Ó so mọ́ra wọn, mi ò lè kà á. Mo rò pé ọmọdé kan ló fi ń ṣeré." Zulaihat wò ó dáadáa. "Àbí mi ò pa á dáadáa ni?"

"O pa á dáadáa," ni Ṣìkẹ́mi wí. Kò lè sọ òótọ́ fún un. Kí ni òótọ́ náà fẹ́ dá padà? Ẹni tó yẹ kó bínú sí, kò rí i, àfi ara rẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ì bá sọ lọ́jọ́ tó yin ìwé náà, ẹkún ìṣẹ́jú kan ni ì bá sì ná an.

Nígbà tó délé, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó ń gbé ojú ewé kọ̀ọ̀kan sókè sí ìmọ́lẹ̀. Kò rí nǹkan kan. Ó wá rántí bí Ántí Charity ṣe kọ́ wọn láti fi bébà bo ewé igi, kí wọ́n fi pẹ́ńsù rọra kun orí rẹ̀ títí iṣan ewé á fi jáde. Ó mú pẹ́ńsù, ó ń kun etí ìwé náà pẹ̀lẹ́, láti ojú ewé kejìlá. Kìkì àwọ̀ eérú ló ń jáde. Ọwọ́ màmá rẹ̀ ti fúyẹ́ jù nígbà tó ń kọ ọ́, agbára kò sí nínú ọwọ́ náà mọ́. Ó kun mẹ́tàlá, ó kun mẹ́rìnlá, omi ojú ń kán sórí ìwé, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún.

Ní ojú ewé kẹtàdínlógún, nǹkan hàn láàárín dúdú náà, funfun wẹ́wẹ́: *Ṣìkẹ́ ní*. Ó kun ún lọ síwájú, ó kun ún sókè, ó kun ún sísàlẹ̀. Ibi tó kù ti di pẹlẹbẹ.

Ibẹ̀ ni bàbá rẹ̀ bá a nígbà tó dé láti ibiṣẹ́, dúdú pẹ́ńsù ní gbogbo ọwọ́ àti ojú rẹ̀. Ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ọmọ náà sì sọ gbogbo rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ọkùnrin náà kò jáde sí bàkónì. Ó kọ́kọ́ ní òun máa lọ bá olùkọ́ yẹn lọ́jọ́ Monday, àmọ́ kò mọ ohun tí òun fẹ́ lọ sọ fún un. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Ṣìkẹ́mi gbé ìwé náà síwájú rẹ̀, ó fi ìka kan ọ̀rọ̀ méjì yẹn.

"Dádì, kí ni mo sọ?"

Bàbá rẹ̀ wo ibẹ̀ títí.

"Mi ò sí ńlé nígbà yẹn, Ṣìkẹ́mi," ló wí. "Ẹ̀yin méjèèjì nìkan lẹ máa ń wà ńbẹ̀."

Ọmọ náà mi orí. Ó fa ìwé rẹ̀ padà, ó ṣí ojú ewé tó tẹ̀ lé e, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún.