Orí Tí Oòrùn Ò Tíì Mọ̀

Onígbàjámọ̀ ni mí. Ẹni tó bá gbé abẹ sí ọrùn èèyàn kì í bá a jiyàn, bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Oníbàárà a máa sọ̀rọ̀, èmi a máa ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Wọ́n jọ pinnu pé àwọn ò ní gẹrun títí ìjọba yóò fi dá àwọn lóhùn. Iṣẹ́ mi dín kù díẹ̀. Nígbà tí irun wọn kún dáadáa, wọ́n tú sí títì. Àwọn ṣọ́jà náà tú sí títì. Ohun tó ṣẹlẹ̀, mi ò sí níbẹ̀. Ìró ẹ̀ ni mo gbọ́. Nígbà tó yá, wọ́n wá fi omi fọ títì.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà lára wọn. Ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé tọ̀ mí wá, bàtà kan ṣoṣo ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni mo fá orí ẹ̀ kodoro. Mo rò pé ọgbọ́n ni. Àṣé gbogbo onígbàjámọ̀ ìlú ló gbọ́n lọ́jọ́ náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ṣọ́jà tó wà lórí afárá ò wá onírun mọ́. Orí tí oòrùn ò tíì mọ̀ ni wọ́n ń wá, èyí tó ń dán bí abọ́ tuntun. Wọn ò kéde ẹ̀ lórí rédíò o. Èmi mọ̀ ọ́n nítorí pé ṣọ́ọ̀bù mi kọjú sí afárá. Ẹni tí wọ́n bá mú, ọkọ̀ ńlá kan ló ń gbé e lọ. A ò tíì rí ẹni tó bọ̀.

Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi sàmì sí ọmọ náà. Ó wà lẹ́yìn kọ́tìnì ṣọ́ọ̀bù mi, ìyá ẹ̀ wà ní òdìkejì afárá, wọ́n sì ti ń tú ilé dé ilé bọ̀ wá sí òpópónà wa.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Alága ẹgbẹ́ ìjọba ládùúgbò wa ló jókòó sórí àga. Lọ́yà, tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ alátakò, ń dúró lórí bẹ́ǹṣì.

"Àwọn ará òkèèrè ló rán wọn níṣẹ́," Alága wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Irọ́ ni," ni Lọ́yà wí. "Ẹgbẹ́ wa ni wọ́n ń jà fún. Ohun tí wọ́n ń pariwo ẹ̀, ó wà nínú ìwé ètò wa."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Alága yíjú sí mi. "Ta lo ń dá lóhùn gan-an?"

"Ẹ̀yin méjèèjì ni, sà."

Wọ́n ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Olórí wà lẹ́yìn kọ́tìnì, ó ń gbọ́. Èmi ti bi í léèrè ohun tí wọ́n ń jà fún. Ó ní, "Òrùlé ilé tí a ń sùn sí ní yunifásítì ni, Bọ̀ọ̀dá. Ó wó lu àwọn ọ̀rẹ́ wa lójú oorun." Nínú àwọn méjèèjì, kò sẹ́ni tó dárúkọ òrùlé.

Alága wo ilẹ̀. Mi ò tíì kó irun ọmọ náà dànù.

"Irun ta nìyí? Ó mà kún o."

"Ti oníbàárà ni, sà. Wọ́n ti ń fárí báyìí."

"Nítorí kí ni?"

Mi ò mọ ẹni tó fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. "Wọ́n ní ọ̀wọ̀ ni, sà."

"Ọ̀wọ̀ ta ni?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n abẹ.

Lọ́yà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ọ̀wọ̀ òkú ni. Àwọn akọni ẹgbẹ́ wa."

"Ẹ ò rí i bí?" ni Alága wí. "Gbogbo nǹkan ni tiyín. Ọ̀wọ̀ àwọn ṣọ́jà tó dá àlàáfíà padà ni. Onígbàjámọ̀, fá temi."

"Èwo ló kù níbẹ̀ tí ẹ fẹ́ fá?" ni Lọ́yà wí.

"Èyí tó kù náà ni."

Mo fá a. Lọ́yà fọwọ́ pa irun ẹ̀, irun tó dára, tí ìyàwó ẹ̀ fẹ́ràn. "Wọn ò ní já a gbà mọ́ wa lọ́wọ́," ló wí. Òun náà jókòó.

Ó yẹ kí n sọ fún wọn ohun tí àwọn ṣọ́jà ń wá. Mi ò sọ.

Títí di ìrọ̀lẹ́, èèyàn wọn ló ń rọ́ wá. Lọ́jọ́ kejì, ìlà méjì orí dídán forí lé afárá, ti Alága níwájú, ti Lọ́yà lẹ́yìn. Wọn ò gbé pátákó kankan, torí náà kò sẹ́ni tó lè mọ ẹni tó ń dúpẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀.

"Ìlà ta ni kí n wọ̀, Bọ̀ọ̀dá?"

"Èyí tó bá sún mọ́ ẹnu ọ̀nà."

Ti Alága ló sún mọ́ ọn. Alága tiẹ̀ gbá a léjìká, ó ní, "Ọmọ dáadáa." Àwọn ṣọ́jà wo Alága, wọ́n wo orí ẹ̀, wọ́n yà lọ́nà. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí mo fi rí ẹ̀gbọ́n mi lọ́hùn-ún, tó fi ìborùn ẹ̀ bo ọmọ náà lórí.

Lọ́sàn-án, sájẹ́ǹtì kan wọlé wá tú ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ká kọ́tìnì, ó wo ẹní. Lẹ́yìn náà ó wo èmi.

"Gbogbo àdúgbò ti fárí. Ìwọ ńkọ́?"

"Ọ̀bẹ kì í gbẹ́ èkù ara ẹ̀, sà."

Ó rò ó díẹ̀. "Ọ̀wọ̀ ta ni wọ́n tilẹ̀ ní ó jẹ́?"

"Tiyín ni wọ́n ní, sà."

"Àwọn kan ní ti àwọn òkú ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó gbé ìbọn ẹ̀ ti bẹ́ǹṣì. Ó ṣí fìlà, ó jókòó, ó ní kí n fá a. Kò sọ ọ̀wọ̀ ta ni. Mi ò bi í. Mo bu omi sí i lórí.