Arò fún Fíléásì

Mírínè fi èékánná fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ Náúkrátù, ọmọkùnrin rẹ̀, láti abẹ́ ojú dé àgbọ̀n, kì í ṣe kí ẹ̀jẹ̀ lè jáde, bí kò ṣe kí ọmọ náà lè mọ ibi tí ọwọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

“Má kánjú,” ó ní. “Abiyamọ kì í kánjú ya ojú ara rẹ̀. Ó máa ń kọ́kọ́ wá ojú ọmọ níbẹ̀.”

Náúkrátù tún un ṣe. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán, ilẹ̀kùn sì wà ní títì, nítorí òfin Àtẹ́nì, ìlú wa, ti ka arò léèwọ̀ fún obìnrin ní gbangba. Kí òfin náà tó dé, kò sí òkú ẹni ńlá tó ń jáde nílùú wa tí kì í ṣe Mírínè ló máa ń lé orin arò rẹ̀. Bí ó bá gbé ohùn sókè, àwọn tí kò mọ òkú náà rí á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójú títì. Nísinsìnyí, ọkùnrin ló ń wọ aṣọ obìnrin, tí ó ń fi ìbòjú bo ojú, tí ó ń sun ẹkún obìnrin níwájú Díónísù, òrìṣà ọtí, tí ìlú sì ń fi adé ewé dé e lórí. Ohun tí wọ́n gbà lẹ́nu ìyá ni wọ́n fi sí ọmọ lẹ́nu.

Lọ́jọ́ náà, Náúkrátù ni yóò ṣe ayaba àtijọ́ kan nínú eré, tí wọ́n gbé òkú Ágénórì ọmọ rẹ̀ wá bá láti ojú ogun.

“Ṣé o rántí ohun tí a jọ sọ?” ìyá rẹ̀ bi í.

“Mo rántí, ìyá mi.”

“Tí o bá dé ibi orúkọ, má pe ọmọ ọba wọn yẹn. Pe Fíléásì.”

Fíléásì ni àbúrò Náúkrátù. Òun ni olórí àwọn ọmọ ogun tó ń ṣọ́ odi ẹnu ààlà. Nígbà tí ọ̀tá dí orísun omi mọ́ wọn, tí àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í lá ìrì lára òkúta, Fíléásì ṣí ilẹ̀kùn odi. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ padà sílé láàyè, òun náà sì padà. Ìlú ní ó ta odi ni. Wọ́n pé jọ, wọ́n nawọ́ sókè dìbò ikú fún un, wọ́n pa á, wọ́n sì lọ sọ òkú rẹ̀ sí òdìkejì ààlà, lọ́nà ìlú Mégárà, nítorí eegun ọ̀dàlẹ̀ kò gbọdọ̀ sùn nínú ilẹ̀ wa. Ajá àti ẹyẹ ló sin ín. Wọ́n ní ọmọ ẹni kú yá ju ọmọ ẹni nù lọ. Ti Mírínè kú, ó sì tún nù.

Ẹni tó bá sì pe irú orúkọ bẹ́ẹ̀ níwájú òrìṣà, wọn á gba ẹ̀tọ́ ọmọ onílùú lọ́wọ́ rẹ̀, tòun tàwọn ọmọ rẹ̀. Náúkrátù mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ló bí. Síbẹ̀, bí ó ṣe ń jáde nílé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó dá a lójú pé òun á pè é.

Nínú àgọ́ tí àwọn òṣèré ti ń múra, Sósíà, ẹnìkejì rẹ̀ nínú eré, ń so bàtà.

“Ẹ káàárọ̀, ìyá àgbà onírùngbọ̀n,” Sósíà ní. “Ṣé oorun tó? Ojú yín wú bíi ti ẹni tó bímọ lánàá.”

“So bàtà ẹ, ìwọ ọba aláìníkùn.”

“Aláìníkùn kẹ̀? Ikùn yìí náà ló gba adé fún wa lọ́dún tó kọjá!”

Náúkrátù rẹ́rìn-ín, ó sì gbé ìbòjú wọ̀. Aṣọ ọ̀gbọ̀ tí wọ́n fi àtè mú le ni, wọ́n fi ẹfun kùn ún, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ gbayawu. Inú rẹ̀ gbóná, ó ṣókùnkùn. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó bo ojú ńkọ́?

Fèrè dún. Ó jáde sínú oòrùn.

Ẹ̀gbẹ́ òkè tí àwọn òǹwòran ń jókòó sí kún dẹ́nu. Àwọn ènìyàn ń jẹ àkàrà báálì àti ólífì, wọ́n ń bá ara wọn jà nítorí ìjókòó. Nínú ihò ojú ìbòjú, Náúkrátù rí Pólímédù ní ìlà iwájú. Aládùúgbò wọn ni. Ó wà nínú odi náà, ó wà lára àwọn tó lá ìrì. Nígbà tí ìlú ń wá ẹni tí wọn yóò dá lẹ́bi, òun ló bọ́ síwájú tó jẹ́rìí pé omi ṣì kù nínú ìkòkò.

Ẹgbẹ́ akọrin gbé òkú wọlé. Koríko tí wọ́n fi aṣọ wé ni. Náúkrátù kúnlẹ̀ tì í. Kò kánjú. Ó fi ọwọ́ sí abẹ́ ojú, ó ń wá ojú ọmọ níbẹ̀, ó sì tú ohùn ìyá rẹ̀ sílẹ̀: ohùn tó máa ń ti ìsàlẹ̀ ikùn bọ̀, tó máa ń dúró díẹ̀ lọ́nà ọ̀fun bí ẹni tí kò fẹ́ jáde.

Ẹnu tó ń jẹun dúró. Obìnrin kan ké lókè lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà, àwọn arúgbó ọkùnrin bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn wọn àwọn ọ̀dọ́, títí gbogbo òkè fi ń mì. Pólímédù ká ọwọ́ lórí. Omi ojú ń ṣàn gba inú irùngbọ̀n rẹ̀, kò sì nù ún.

Ó ku orúkọ.

Náúkrátù mí sínú. Fíléásì ti wà ní ètè rẹ̀. Ó wo Pólímédù, ó wo ọwọ́ yẹn tí ó nà sókè lọ́jọ́ náà, ó sì mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ojú á gbẹ. Wọn á dìde, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í ju òkúta. Àìmọ̀ ẹni tí wọ́n ń sunkún fún ló jẹ́ kí wọ́n lè sun ún.

“Ágénórì!” ó ké. “Ágénórì, ọmọ mi!”

Òkè náà sì dá a lóhùn pẹ̀lú igbe.

Nígbà tí eré parí, Pólímédù wá a dé ẹ̀yìn àgọ́, ó gbá a mọ́ra.

“Náúkrátù! O pa wá lónìí! Ìwọ ọmọkùnrin yìí, o fẹ́ run ìlú ni?”

“Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n.”

“Láti ọjọ́ tí bàbá mi ti kú, n kò sunkún báyìí rí. Níbo lo ti kọ́ irú ẹkún yẹn?”

“Nílé wa.”

Ọwọ́ Pólímédù kúrò léjìká rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó wolẹ̀.

“Ó dáa,” ó ní. “Ó dáa.” Ó fa imú, ó sì yà síbi tí wọ́n ti ń pín wáìnì.

Mírínè dúró nísàlẹ̀ òkè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Kò gòkè rárá. Ó ti fi ìborùn bo orí.

“Mo gbọ́ wọn,” ó ní. “Gbogbo òkè ló ń sunkún.”

“Gbogbo wọn ni, ìyá mi. Pólímédù pàápàá.”

“N kò gbọ́ orúkọ.”

“Tí mo bá pè é, ojú wọn á gbẹ. Ẹ gbọ́ mi, ìyá mi. Àwọn tó pa á ló sunkún lé e lórí lónìí.”

“Ṣé wọ́n mọ̀ pé òun ni?”

“Wọ́n ṣáà sun ẹkún rẹ̀, ìyá mi.”

“Ẹkún?” ìyá rẹ̀ ní. Kò gbé ohùn sókè. “Èmi tí mo fi ẹkún ṣiṣẹ́ ṣe. Ẹkún wà lọ́wọ́ mi tí mo lè bù fún gbogbo Àtẹ́nì, kí ó sì ṣẹ́kù. Kì í ṣe ẹkún ni mo rán ọ, ọmọ mi.”

Ó yí padà, ó ń lọ sílé, ó ń fọwọ́ tọ́ ara ògiri bí ẹni tí ojú ń dùn.

Náúkrátù nìkan ló kù lójú ọ̀nà. Kò sí ìbòjú lójú rẹ̀ mọ́. Atẹ́gùn ń fẹ́ sí òógùn ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó rò ó pé òun lè pe orúkọ náà níbẹ̀ yẹn, lẹ́ẹ̀kan péré, kí ìyá òun tó jìnnà jù. Ó la ẹnu. Ọkùnrin kan ń da kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bọ̀ pẹ̀lú ẹrù igi. Náúkrátù pa ẹnu dé, ó dúró kí ọkùnrin náà kọjá ná. Ọkùnrin náà kí i, ó kọjá, eruku ẹsẹ̀ ẹran náà jókòó padà sórí ilẹ̀. Ọ̀nà dá páropáro. Náúkrátù sì rí i pé òun ṣì ń dúró.