Àpá Tí Halvard Ń Gé Dànù

Nígbà tí ẹja amùjẹ̀ gba ojú omi wọ adágún Superior ní àríwá Amẹ́ríkà, kò pariwo. Ó kàn ń fi ẹnu roboto tó kún fún eyín lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹja tíráòtù tí àwa apẹja ń pa, ó ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ títí ẹja náà yóò fi kú, tàbí kí ó yè tòun ti àpá. Kò pé ogún ọdún tí àwọ̀n wa fi fúyẹ́.

Iṣẹ́ tèmi ni kíka àpá. Ìjọba gbé e lé mi lọ́wọ́ nígbà tí mo jáde ní yunifásítì: kí n ka àpá ara ẹja tí apẹja kọ̀ọ̀kan bá kó dé èbúté, kí a lè mọ odò tí a ó da oògùn sí. Inú ẹrẹ̀ odò ni ọmọ ẹja amùjẹ̀ ti ń dàgbà; oògùn yìí a pa á níbẹ̀, a sì dá ọ̀pọ̀ ẹja yòókù sí. Ṣùgbọ́n oògùn kò kárí. Odò tí àpá bá pọ̀ jù lára ẹja iwájú rẹ̀ ni ó ń kọ́kọ́ kàn.

Ní ìgbà ìrúwé ọdún 1959, kò sí àpá kan nínú àkọsílẹ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Halvard, tí ń dẹ àwọ̀n síwájú Odò Nesse. Bẹ́ẹ̀ àwọ̀n wọn ló fúyẹ́ jù. Ọ̀rọ̀ náà kò yé mi. Mo lọ bá wọn láàárọ̀ ọjọ́ kan ní ilé ẹja, ahéré etí èbúté tí wọ́n ti ń gé ẹja, láìsọ fún wọn tẹ́lẹ̀.

Ragna, ìyàwó wọn, ló kọ́kọ́ rí mi.

“Sigrunn, káàbọ̀! Kọfí wà lórí iná. Bàbá ẹ ń ṣe ẹja lóge.”

Ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ Halvard. Ẹ̀gbẹ́ ẹja tí wọ́n gé wà nílẹ̀, àpá roboto sì wà lára rẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ kan kún fún irú ẹja bẹ́ẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

“Bàbá, àwọn wọ̀nyí ńkọ́?”

“A ó yan wọ́n jẹ nílé ni. Láti Norway títí dé ibí, ará ilé wa kan ò gbé ẹja alábùkù dé èbúté rí. Èmi ni kí n wá bẹ̀rẹ̀?”

“Nítorí àpá tí ẹ̀ ń fi pa mọ́ yìí ni oògùn ò ṣe dé odò yín.”

“Ọ̀mọ̀wé! Egbò ni wọ́n kọ́ ẹ kà nílé ìwé?”

“Òun ni, mo sì mọ̀ ọ́n kà. Ọjọ́ Ẹtì ni orúkọ àwọn odò tí a ó da oògùn sí ń lọ sọ́dọ̀ ìjọba. Tí tiyín ò bá sí níbẹ̀, ó di ọdún mẹ́rin kí oògùn tó tún yípo. Ṣé ẹja kankan á ṣì kù tí ẹ máa gé?”

“Àbí ìgbéraga yìí la ó máa yan jẹ?” ni Ragna wí, láìgbójú sókè.

Halvard nu ọ̀bẹ wọn, wọ́n nù ún pẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ náà jáde fúnra wọn, wọ́n sì to ẹja sórí pákó èbúté lọ́kọ̀ọ̀kan, kí àpá kọjú sókè.

Arvid, apẹja ẹ̀gbẹ́ wa, bú sẹ́rìn-ín.

“Halvard, ta ló bá ẹ tọ́ ẹja ẹ wò?”

“Ẹni tó ń tọ́ tìẹ náà wò ni. Lọ gbé tìẹ jáde!”

Ẹ̀rín tán lẹ́nu Arvid. Ó wọ ilé ẹja rẹ̀ lọ, ó pẹ́ níbẹ̀, nígbà tó sì jáde, apẹ̀rẹ̀ méjì ló ń wọ́ bọ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Odò Nesse ni mo kọ sí òkè pátápátá nínú orúkọ àwọn odò.