Bíréèkì Pijó Bàbá Wa

Saidat fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn méjèèjì kí ó tó fọwọ́ kan jáàkì. Ọ̀nà iwájú ilé wọn ní Ìjẹmọ̀ dà gẹ̀rẹ́, ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ kò mú kò sì nílò ẹni tí yóò tì í. Ó dẹ àwọn nọ́ọ̀tì nígbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀, lẹ́yìn náà ló gbé imú píkọ́ọ̀pù Pijó 404 náà sókè.

"Aláró ti di mẹkáníìkì," ni Jùbrílù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí láti orí bẹ́ǹṣì. "Ayé ti bàjẹ́ tán."

"Ẹ kú ìjókòó o, Bọ̀dá mi."

Gbémiga tó ń ra irin àlòkù jókòó ti Jùbrílù, ó ń dúró de ọkọ̀ náà. Bàbá Saidat àti Jùbrílù tó ti dolóògbé ló ni ín. Nígbà tí wọ́n pín ogún, Jùbrílù mú ṣọ́ọ̀bù àti bọ́ọ̀sì. Bọ́ọ̀sì yẹn ló ń gbé àdìrẹ Saidat lọ sí ọjà Owódé, ọjọ́ tó bá sì wu Jùbrílù nìkan ló ń gbé e. Àdìrẹ lè wà nílé títí ọjà á fi tú. Níwájú ìyá wọn ni Jùbrílù ti sọ ọ́ pé bí Saidat bá lè wa ọkọ̀ àtijọ́ náà sọ̀ kalẹ̀, tí ó sì dúró kí wọ́n tó pe ìrun Alààsárì, kí ó máa mú un. Bí kò bá dúró, Gbémiga á wọ́ ọ lọ.

Saidat yọ táyà òsì. Dúróòmù, ìkòkò irin tó ń yí pọ̀ mọ́ táyà, kọ̀, kò jáde.

"Fi òòlù gbá a!" Jùbrílù pariwo. "Àbí ọwọ́ aláró kò lágbára?"

Saidat kò gbá a. Bàtà irin méjì ló wà nínú ìkòkò yẹn. Bí èèyàn bá tẹ bíréèkì, wọ́n á là síta, wọ́n á di inú ìkòkò mú, táyà á sì dúró. Àwọn bàtà wọ̀nyí ti ń jẹ ìkòkò náà láti ọjọ́ pípẹ́ débi pé wọ́n ti gbẹ́ kòtò síbẹ̀, etí rẹ̀ sì yọ bí etí àwo. Bí wọ́n bá lù ú dọ̀la, etí yẹn kò ní jẹ́ kí ó kọjá. Ó fi sípánà dẹ ohun tó ń sún bàtà síta. Bàtà sún wọlé, dúróòmù sì bọ́ sí i lọ́wọ́ wẹ́rẹ́. Ó fi ìka tọ kòtò inú rẹ̀ yípo, inú rẹ̀ dùn.

"Irin lo yọ o," ni Jùbrílù wí. "Kì í ṣe ọmọ lo bí."

Ó yọ ti ọ̀tún náà bẹ́ẹ̀. Àwọn dúróòmù tuntun tó rà wà nínú ọ̀rá, wọ́n ti fi òróró pa wọ́n kí wọ́n má baà dípẹtà. Saidat bu pẹtiróò sínú abọ́, ó ń fi àkísà fọ ọ̀kan.

"Rántí sá a sórí okùn!"

"Bọ̀dá, aṣọ tuntun tí a kò bá fọ ṣítáàṣì rẹ̀ kúrò kì í mu aró. Bí òróró bá wà lára èyí, bàtà á máa yọ̀ ni."

"Láti kékeré ni mo ti ń wakọ̀. Ta ló ń fọ dúróòmù?"

Ó de ti òsì tán ni wọ́n pe ìrun Àìlà, ó sì lọ kírun. Nígbà tó dé, ti ọ̀tún ti wà níbẹ̀, táyà rẹ̀ náà ti wọlé.

"Mo bá ẹ ṣe é," ni Jùbrílù wí. "Gbémiga kò lè sùn síbí."

"Ṣé ẹ fọ̀ ọ́?"

"Ó mọ́ ju ojú ẹ lọ."

Saidat gbà á gbọ́. Ó wakọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ náà fà sí òsì fùú, ó kù díẹ̀ kó já sí gọ́tà. Háńdìbíréèkì ló gbà á sílẹ̀.

Jùbrílù pàtẹ́wọ́. "Gbémiga, dìde! Ẹrù rẹ ti pọ́n!"

"Wọn ò tíì pe Alààsárì," ni Saidat dáhùn. Ó fọwọ́ sún mọ́ dúróòmù méjèèjì. Ti òsì gbóná janjan. Ti ọ̀tún tutù. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́. Ó tú ti ọ̀tún. Inú rẹ̀ ń dán fún òróró.

"Ẹ ò fọ̀ ọ́, Bọ̀dá."

"Kí ló dé tí o ò wò ó?"

Gbémiga wúkọ́. "Ẹ̀gbọ́n, lójú mi lẹ yọ ọ́ nínú ọ̀rá tẹ́ ẹ sì dè é láìfọ̀ ọ́."

"Ta ló bá ẹ sọ̀rọ̀, onírin?"

"Irin ni mò ń rà, mi ò ra ẹjọ́."

Saidat fi sáńpépà ha ojú bàtà tí òróró ti bà jẹ́, ó fi pẹtiróò fọ dúróòmù títí àkísà funfun fi jáde ní funfun. Nígbà tó dè é tán, ó ń fọwọ́ yí táyà, ó ń sún bàtà síta díẹ̀díẹ̀ títí ó fi gbọ́ tí ó ń ha fẹ́ẹ́rẹ́, ó sì dá a padà díẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kejì, ọkọ̀ náà dúró gbọnrangandan láàárín ọ̀nà.

"Oríire ni," ni Jùbrílù wí. "Gbé mi, kí n wò ó."

Ó jókòó síwájú, ó ká apá mọ́ àyà. Saidat jẹ́ kí ọkọ̀ sáré dáadáa kí ó tó tẹ bíréèkì. Iwájú orí Jùbrílù fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe. "Gbémiga, máa lọ." Ó wá kọjú sí Saidat. "Ìwọ, láti òní lọ, o ò gbọdọ̀ gbé ẹrù kankan sínú bọ́ọ̀sì mi mọ́."

"Mo gbọ́, Bọ̀dá. Ẹ ṣeun."

Nígbà tí wọ́n pe Alààsárì, ìdì àdìrẹ ti kún ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù náà, ti ọjà Owódé ọ̀la.