Ọ̀rọ̀ Tí A Fi Ń Ṣílẹ̀kùn

Kì í ṣe "òdòdó". Mo ti sọ òdòdó, kò ṣí i. Mo sọ "òṣùmàrè"... ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá nìyẹn, àbí ti èyí tó ṣáájú rẹ̀? Ọmọ mi wà nínú ilé, èmi ìyá rẹ̀ wà lórí àtẹ̀gùn, kọ́kọ́rọ́ sì wà láàárín ìka mi bí wọ́n ti kọ́ wa pé ká máa dì í mú, ṣóńṣó rẹ̀ síta. Ó lè fọ́ ojú ènìyàn. Kò lè ṣí ilẹ̀kùn tí wọ́n ti fi irin dábùú látinú. Èmi náà ni mo ní kí wẹ́dà wá fi irin ọ̀hún síbẹ̀.

"Ẹ sọ ọ̀rọ̀ wa, Mọ́mì." Ohùn rẹ̀ tutù nígbà tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Ó tutù jù fún ọmọdé.

Ọjọ́ Àìkú la máa ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ àṣírí wa. Lọ́tẹ̀ yìí, òun fúnra rẹ̀ ló yan ọ̀rọ̀ — ó ń tẹ̀ lé mi láti yàrá dé yàrá, inú rẹ̀ ń dùn, ó ń wí i — èmi sì ń fa fèrèsé wò bóyá ó tì dáadáa. Mo ní, "Ó dáa, ó dáa." N kò gbọ́. Mò ń dáàbò bò ó, n kò sì gbọ́ ohun tó ń sọ.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin á rẹ́rìn-ín. "Ìwọ yìí! Ó kù kí o máa dé akoto sùn." Òun kọ́ ni ọkùnrin kan fún lọ́rùn lórí àtẹ̀gùn yìí lọ́sàn-án gangan. Láti ìgbà náà ni mo ti ń jókòó kọjú sí ẹnu ọ̀nà níbikíbi, tí mò ń wo ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi nínú gíláàsì ṣọ́ọ̀bù. Olùkọ́ tó ń kọ́ wa bí a ṣe ń gba ara ẹni sílẹ̀ ní kì í ṣe ìbẹ̀rù, ìmúrasílẹ̀ ni. Mo gbà á gbọ́. Mo ṣì gbà á gbọ́... bóyá.

Ṣé kò mọ ohùn mi ni? Ó mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo kọ́ ọ pé ohùn kò tó. "Bó tilẹ̀ jẹ́ ohùn mi lo gbọ́, tí n kò bá ti sọ ọ̀rọ̀ wa, ẹnìkan ló dì mí mú. Má ṣí i." Ó wò mí títí lọ́jọ́ náà. "Ẹ̀yin wá ńkọ́, Mọ́mì?" Mo lọ yẹ irin ilẹ̀kùn wò.

Ó ti ń sunkún báyìí. Ẹ̀yìn rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn, mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Ó gbà pé wọ́n ti mú ìyá òun, síbẹ̀ kò ṣí i. Kò ṣe àṣìṣe kankan. Mo lè bẹ̀ ẹ́ — rárá. Ẹni tí wọ́n dì mú náà á bẹ̀.

"Ta ló wà lẹ́yìn yín?" Ohun tó bi mí kẹ́yìn nìyẹn. Mo ní kò sẹ́nìkan. Kíá ni mo sọ ọ́.

Kí ló wá dé tí mò ń wẹ̀yìn? Àtẹ̀gùn ṣófo. Oòrùn wà lára ògiri. Kò sẹ́nìkan... ṣùgbọ́n ọrùn mi le gbagidi, ọwọ́ mi sì fún kọ́kọ́rọ́ náà títí ó fi ń dùn mí. Ọkùnrin yẹn ti sá lọ tipẹ́. Èmi ni n kò jẹ́ kó lọ. Ojoojúmọ́ ni mò ń mú un wọlé, tí mo sì ń fi irin dábùú ilẹ̀kùn mọ́ òun, èmi àti ọmọ mi.

Òótọ́ lo rò, ọmọ mi. Ẹnìkan wà lẹ́yìn mi.

Má tíì ṣí i.