Rísífà Tó Mọ Ibi Tó Dúró Sí

“Àbúrò mi, ṣé ẹ̀bùn mi ló ń rùn ni?”

Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin tí Alágídí ní ló béèrè bẹ́ẹ̀. Ohun èlò mọ́tò ló ń tà, ó sì ti gbé rísífà GPS tuntun tó rà, ẹ̀rọ tó ń tipa sátẹ́láìtì mọ ibi tó wà, wá sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí àbúrò rẹ̀ obìnrin yàn. Láti kékeré ni wọ́n ti ń pe obìnrin yìí ní Alágídí. Bó bá ti sọ pé rárá, kí gbogbo ilé yáa lọ sùn.

“Kò rùn, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀bùn gidi ni, ẹ ṣeun. Àmọ́ mọ́tò ni wọ́n ṣe é fún.”

“Ohun tí mo ń wí gan-an nìyẹn! Bí mọ́tò ti wù kó sáré tó, yóò mọ ibi tó wà. Tìrẹ ńkọ́? O ní a kò gbọ́dọ̀ gbé e kúrò lójú kan.”

“Ṣé ilé wa ń sáré ni?”

Bàbá wọn, tó jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, bú sẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ kò ríran mọ́, àmọ́ kò sí àárọ̀ tí kì í wá sí ṣọ́ọ̀bù tó dá sílẹ̀ nínú pálọ̀ ara rẹ̀ yìí. Ibẹ̀ ni àwọn ilé iṣẹ́ ń gbé irinṣẹ́ wọn wá, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ṣì péye. Alágídí ló wà nídìí iṣẹ́ náà báyìí, ó sì ti fọwọ́ ara rẹ̀ kan ẹ̀rọ òdiwọ̀n tuntun tí yóò máa fi yẹ irinṣẹ́ wọn wò. Òkúta kékeré kan tí wọ́n ń pè ní kírísítà wà nínú rẹ̀, tó ń gbọ̀n ní ìwọ̀n kan náà. Rísífà ni yóò máa gba aago lọ́dọ̀ àwọn sátẹ́láìtì ojú ọ̀run, tí yóò sì máa fa kírísítà náà létí bó bá fẹ́ yà bàrá.

Wàhálà ibẹ̀ ni ilé gíga tí aládùúgbò kọ́ síwájú wọn, tó gba ìdajì ojú ọ̀run. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n fi ń sọ pé kí wọ́n kó ṣọ́ọ̀bù lọ sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan láàárín ìgboro. Bí ẹnjiníà ilé iṣẹ́ rédíò tó ń bọ̀ lọ́sàn-án bá ní ẹ̀rọ náà kò péye, kíkó ló kù. Bàbá kò sì lè máa gun àtẹ̀gùn kiri. Yóò kàn máa dá jókòó sílé ni, láìgbọ́ ìró iṣẹ́ kankan. Alágídí kò fẹ́ rò ó rárá.

“Ṣàlàyé fún un,” bàbá ní. “Ẹ̀gbọ́n rẹ ni.”

Alágídí mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sójú fèrèsé. “Ẹ wo ilé yẹn. Èyí tí ẹ rà, ìbéèrè méjì ló ń bi àwọn sátẹ́láìtì nígbà gbogbo: níbo ni mo wà, kí ni aago wí? Ó gbọ́dọ̀ rí mẹ́rin kó tó rí ìdáhùn. Bí ilé yẹn bá ti bo díẹ̀ nínú wọn, ó di kó máa méfò. Áńtẹ́nà tèmi ti wà lórí òrùlé láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Rísífà yìí ti fi gbogbo ọ̀sẹ̀ náà wá ibi tó dúró sí, ó ti mọ̀ ọ́n, kò tún béèrè ìyẹn mọ́. Aago nìkan ló ń béèrè, sátẹ́láìtì kan ṣoṣo sì tó o.”

“Ìwọ àti ẹnu rẹ! Bàbá, ẹ bá mi dá sí i.”

“Tábìlì ni yóò dá sí i,” bàbá fèsì. “Ẹ dán méjèèjì wò.”

Nígbà tí ẹnjiníà dé, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó gbé òdiwọ̀n ilé iṣẹ́ wọn kalẹ̀, ó sì so ó mọ́ ti ṣọ́ọ̀bù. Ìlà kọ́lọkọ̀lọ méjì hàn lójú ẹ̀rọ, ti ilé iṣẹ́ rédíò lókè, ti ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀. Bí ti ṣọ́ọ̀bù bá péye, ìlà ìsàlẹ̀ kò ní kúrò lábẹ́ ti òkè.

Ti ẹ̀gbọ́n ni wọ́n kọ́kọ́ dán wò, nítorí òun ni àgbà. Alágídí fúnra rẹ̀ ló gbé áńtẹ́nà rẹ̀ síbi tó dára jù lórí òrùlé. Bí òun yóò bá borí, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè sọ pé òun ṣe màgòmágó. Ó kọ́kọ́ dára. Nígbà tó yá, àwọn sátẹ́láìtì wọ ẹ̀yìn ilé gíga, ìlà ìsàlẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ sápá ọ̀tún, ó tún padà yọ́ sósì. Ẹ̀gbọ́n ń fi orí tẹ̀ lé e, àfi bíi pé ó fẹ́ fi ọrùn fà á padà.

“Ó ń rìn,” ẹnjiníà ní.

Wọ́n so ti Alágídí, wọ́n fún un láyè kó fara balẹ̀. Oòrùn yí, sátẹ́láìtì ń wọ ẹ̀yìn ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku ẹyọ kan. Ìlà kò mira.

“Ṣé ó ń rìn?” bàbá béèrè.

Alágídí yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè wò ó. Kò fẹ́ kó dà bíi pé òun ń fi àgbà ṣẹ̀sín. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ojú ẹ̀rọ títí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án.

“Kò rìn, bàbá. Ó dúró gbọin-gbọin.”

“Ta ló yan rísífà yìí?” ẹnjiníà béèrè bó ti ń kó ẹrù rẹ̀. “A máa kó irinṣẹ́ wa wá síbí.”

“Àbúrò mi ni,” ẹ̀gbọ́n dáhùn kíákíá. “Èmi ni mo yan èyí tó ń rìn, mà. Mọ́tò mi ni yóò lọ jókòó sí.”

Orí Alágídí wú. Bàbá na ọwọ́ sí i, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Mo máa ń bẹ̀rù tẹ́lẹ̀ pé bí ojú mi ti lọ, iṣẹ́ mi náà ti lọ,” ó ní. “Irọ́ ni mo ń pa fún ara mi. Ọmọ mi, o ṣe mí lógo.”

Ẹ̀gbọ́n kò dárúkọ ìgboro mọ́. Ó gbá bàbá mú lápá, ó fi ọwọ́ kejì fa àga náà kúrò lẹ́nu ọ̀nà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì.

“Ẹ jókòó síbí, bàbá,” ó ní. “Ọ̀hún yẹn jìnnà sí iṣẹ́.”