A Kì Í Fi Sìmẹ́ǹtì Pípò Sílẹ̀

Bí wọ́n bá ń ka àwọn tó fẹ́ràn Ọlọ́run ní Ìlàsàn, ẹ bá mi ka Ògúnkúnlé mọ́ wọn, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín jiyàn. Bíríkìlà ni, ọmọ Ìkirè, tó wá sí Èkó nígbà tí ilé ńlá ńlá ń hù bí olú lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀ Lẹ́kkí. Láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, ilé olówó ló ń rẹ́. Tó bá di Sátidé, á kó irin iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn lẹ́yìn àwọn fúláàtì Jakande, á máa rẹ́ ilé Ọlọ́run lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi Sátidé wá àfikún, àwọn mìíràn a fi sùn. Wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé Ọlọ́run ni kò rí bíríkìlà mìíràn pè ni. Ògúnkúnlé a ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀, pé ìfẹ́ tí kò bá ná èèyàn ní nǹkan kan, ìfẹ́ orí ahọ́n ni.

Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, n ò bá a jà sí i. Ibi tí mo ti bá a jà ṣì wà níwájú.

Pásítọ̀ Dúródọlá ló dá ṣọ́ọ̀ṣì náà sílẹ̀. Ọkùnrin gíga ni, ohùn rẹ̀ dùn létí, ìwàásù kan náà ló sì máa ń padà sí lọ́jọ́kọ́jọ́: kí èèyàn fi gbogbo ọkàn, gbogbo agbára àti gbogbo iyè fẹ́ràn Ọlọ́run. Gbogbo, á tún un pè. Tó bá ti débẹ̀, á fi áńkáṣíìfù nu ojú, àwọn akọrin á dìde, ìwàásù ti parí nìyẹn. Kì í lọ kọjá ibẹ̀. Ògúnkúnlé á jókòó sẹ́yìn, omijé á máa dà lójú rẹ̀. Pásítọ̀ yìí náà ló sọ pé orúkọ tó ní Ògún nínú kò yẹ ọmọ Ọlọ́run, tó sì sọ ọ́ di Olúkúnlé. Gbogbo ìjọ ń pè é bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan péré ló kọ̀ tí kò pe orúkọ tuntun náà, Gàníyù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

Ìyá kan, bàbá kan ló bí wọn. Mùsùlùmí ni Gàníyù, bí ìyá wọn náà ṣe jẹ́. Nílé Yorùbá, ìyẹn kì í dá ìjà sílẹ̀. Ẹran iléyá á dé ilé onígbàgbọ́, ìrẹsì Kérésì á dé ilé Mùsùlùmí, ọ̀fun kò mọ ẹ̀sìn. Gàníyù ló mú àbúrò rẹ̀ wá sí Èkó, òun náà ló kọ́ ọ níṣẹ́. Òun ló kọ́kọ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú lórí irin ìrẹ́lé, tó ń bá a tì í sókè, tó ń bá a fà á sísàlẹ̀, títí ọwọ́ fi mọ ọ̀nà fúnra rẹ̀. Òun ló sì kọ́ ọ ní òfin tó ṣáájú gbogbo òfin iṣẹ́ náà, pé sìmẹ́ǹtì tí a bá ti fi omi pò, a kì í fi í sílẹ̀. Ebi ì báà máa pa ọ́, ìtọ̀ ì báà máa gbọ̀n ọ́, o gbọ́dọ̀ rẹ́ ẹ tán kó tó dì. Ẹni tó bá jẹ́ kó dì sílẹ̀ ti ba nǹkan oní-nǹkan jẹ́.

Ikú ìyá wọn ló da gbogbo rẹ̀ rú. Wọ́n ti sin ìyá, ó ku àdúrà ọjọ́ kẹjọ, èyí tí àwọn Mùsùlùmí ń pè ní fìdáù. Gàníyù ní kí àbúrò òun wá jókòó ti òun, kí àwọn méjèèjì tí ìyá bí lọ́kùnrin jọ tẹ́wọ́ fún un. Ògúnkúnlé lọ béèrè lọ́wọ́ pásítọ̀. Pásítọ̀ ní Ọlọ́run òjòwú ni Ọlọ́run, ẹni tó bá fi gbogbo ọkàn fẹ́ràn rẹ̀ kò ní jókòó nídìí àdúrà ẹ̀sìn mìíràn. Ni Ògúnkúnlé kò bá lọ. Gbogbo ẹbí pé sí Ìkirè lọ́jọ́ náà, àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gàníyù sì ṣófo láti àárọ̀ títí wọ́n fi kó abọ́ nílẹ̀. Àwọn èèyàn ń bi í pé àbúrò rẹ̀ ńkọ́, ó ní ó ń bọ̀.

Ó dun Gàníyù wọ eegun. Kò bú àbúrò rẹ̀, kò sì gbé e ṣépè, ó kàn dákẹ́ ni. Ọdún ń gorí ọdún, ó ń dákẹ́. Ó kó lọ sí ọ̀nà Ìbẹ̀jù, níbi tí iṣẹ́ ilé kíkọ́ ti pọ̀ nítorí èbúté ńlá tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ògúnkúnlé dúró sí Ìlàsàn. Títì kan náà ló gba iwájú ilé àwọn méjèèjì kọjá, kò sẹ́ni tó gbà á lọ bá ẹnì kejì.

Ẹ lè máa rò pé kò fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Irọ́ o. Ó ń gbàdúrà fún un ní òròòwúrọ̀, pé kí Ọlọ́run bá òun rọ̀ ọ́ lọ́kàn. Àdúrà sì rọrùn ju kéèyàn wọ mọ́tò lọ sí Ìbẹ̀jù lọ.

Ní Sátidé kan, ògiri ẹ̀yìn pẹpẹ ló kàn án láti rẹ́. Ìkórè ń bọ̀ lọ́nà, pásítọ̀ sì fẹ́ kí ògiri náà dán kí wọ́n lè kọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sára rẹ̀ gàdàgbà. Ó ṣì ku ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, kò sẹ́ni tó ń lé e. Akínọ̀ṣọ́, ọmọ ìjọ kan tó máa ń bá a po sìmẹ́ǹtì, ṣẹ̀ṣẹ̀ da omi sí i, ó ti rò ó, ó ti kúnná, ni fóònù Ògúnkúnlé bá ké lórí àpò sìmẹ́ǹtì. Suliat, ìyàwó Gàníyù, ló ń pè. Láti ọjọ́ tí ìyá ti kú kò pè é rí.

"Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá," ni Suliat wí. "Ẹ̀gbọ́n yín ń béèrè yín."

Ó wá rọra ṣàlàyé fún un. Inú ló ń wú fún Gàníyù, ó ti pẹ́, wọn kò jẹ́ kó dé etí Ìlàsàn. Ọsibítù ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé. Láti àárọ̀ ọjọ́ náà kò jẹ, kò mu, ohun kan ṣoṣo tó ń sọ ni pé kí wọ́n bá òun pe Ògúnkúnlé.

Ògúnkúnlé yíjú. Ó wo sìmẹ́ǹtì tó wà nílẹ̀, ó ń dán nínú omi. Ó sọ fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé òun ń bọ̀, pé àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ po sìmẹ́ǹtì ni, tí òun bá ti rẹ́ ẹ tán báyìí òun á bọ́ sọ́nà. Suliat ní ó dáa, òun á jíṣẹ́.

Títí dé ibí, n ò rí ẹ̀bi kan lọ́rùn rẹ̀. Ó rẹ́ ẹ kíákíá. Ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ó ń bọ̀ sísàlẹ̀, nígbà tí sìmẹ́ǹtì sì tán, ó ti dé ìdajì ògiri. Oòrùn ò tíì kan àtàrí. Akínọ̀ṣọ́ fi ṣọ́bìrì rẹ̀ ti ògiri, ó bu omi sínú ike, ó gbé e síwájú rẹ̀ pé kó fọ ọwọ́ kó máa lọ, àwọn á fi ìyókù sí Sátidé tó ń bọ̀.

Ògúnkúnlé wo omi náà, kò ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ̀rù ló ń bà á, ẹ jẹ́ n là á mọ́lẹ̀. Ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń bà á lẹ́rù. Kí ni yóò wí nípa àga tó ṣófo yẹn? Bí àwọn aláàfáà bá wà nínú yàrá, tí wọ́n ní kí gbogbo èèyàn tẹ́wọ́, ṣé yóò tẹ́ ẹ ni àbí kò ní tẹ́ ẹ? Bí kò bá tẹ́ ẹ, ó ti pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Bó bá sì tẹ́ ẹ, kí wá ni ìdí tí kò fi tẹ́ ẹ fún ìyá rẹ̀? Ọkàn rẹ̀ ń gbé e sọ́tùn-ún, ó ń gbé e sósì. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì níbí, kò sẹ́ni tó ń bi í ní ìbéèrè kankan. Ògiri nìkan ló wà níwájú rẹ̀.

"Pò ó sí i," ló sọ fún Akínọ̀ṣọ́. "Iṣẹ́ Ọlọ́run là ń ṣe. Ọlọ́run á dá ẹ̀mí rẹ̀ sí dè mí."

Akínọ̀ṣọ́ wò ó lójú. Ó mú ṣọ́bìrì.

Ògúnkúnlé rẹ́ ìdajì tó kù bí ẹni tí kò ní ṣe iṣẹ́ mìíràn mọ́ láyé. Ó ń kọrin ìyìn bó ṣe ń rẹ́ ẹ, ó fi pákó gbọọrọ fà á títí ó fi tẹ́jú, ó fi fóòmù nù ún. Nígbà tó parí, ó fọ irin rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Irin tó máa ń fi omi ṣàn lásán lọ́jọ́ mìíràn, ó fi kànrìnkàn họ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ìgbà tí kò sí ohun tó kù láti fọ̀ mọ́ ló tó jáde.

Ó wọ kẹ̀kẹ́ dé ẹnu títì, ó wọ ọkọ̀ dé Àjà, ó tún wọ òmíràn. Àwọn tírélà tó kó òkúta lọ sí èbúté ń ya wọ́n lọ́tùn-ún lósì. Ó ti ronú ohun tó máa sọ. Kò ní ṣàlàyé, kò ní pe ẹsẹ Bíbélì kankan. Á dọ̀bálẹ̀ lẹ́bàá ẹní, á ní, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ó ń wí i lábẹ́lẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì, obìnrin tó jókòó tì í sì rò pé ó ń gbàdúrà ni.

Ilẹ̀ ti ń ta sí ṣíṣú nígbà tí ọ̀kadà gbé e dé ẹnu ọ̀nà ilé Gàníyù. Àwọn ọkùnrin kan wà níta tí wọ́n ń fọ ẹsẹ̀, iyanrìn tútù sì wà lára ṣọ́bìrì méjì tó fara ti ògiri. Bíríkìlà ni Ògúnkúnlé, ohun tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé wọ́n ń kọ́lé ni. Àgbà aláàfáà kan bi í pé ta ni. Ó dá a lóhùn. Bàbá náà mi orí, ó ní àwọn retí rẹ̀ títí, ṣùgbọ́n òkú Mùsùlùmí kì í sùn nílé bí ilẹ̀ kò bá tíì ṣú, àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti itẹ́ dé ni.

Ó wọlé. Suliat jókòó sórí ẹní, kò sunkún mọ́, ojú rẹ̀ ti gbẹ. Kò bínú sí i. Ì bá bínú ni, ì bá sàn.

"Mo jíṣẹ́ yín fún wọn, ọkọ mi," ló wí. "Mo ní ẹ ti po sìmẹ́ǹtì. Wọ́n rẹ́rìn-ín, èyí tí wọn ò rín láti ọjọ́ mẹ́ta kan. Wọ́n ní, 'Jẹ́ kó rẹ́ ẹ tán. Èmi ni mo kọ́ ọ pé a kì í fi í sílẹ̀.' Wọ́n wá ń wo ẹnu ọ̀nà. Tó bá ṣe díẹ̀, wọ́n á ní ó ti kù díẹ̀ báyìí. Nígbà tí wọ́n pe ìrun ọ̀sán, wọ́n ní ẹ ti fọ ọwọ́. Wọ́n ní ẹ ti wà lójú títì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dákẹ́."

Nígbà tí wọ́n pe ìrun ọ̀sán, Akínọ̀ṣọ́ ń ro sìmẹ́ǹtì kejì lọ́wọ́. Ògúnkúnlé la ẹnu láti sọ fún Suliat. Báwo ló ṣe fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nǹkan kan ṣoṣo tó pa ọkọ rẹ̀ lẹ́rìn-ín kó tó kú? Ó pa ẹnu dé. Ó ní kí wọ́n mú òun lọ síbi sàréè, wọ́n mú un lọ. Ó dúró níbẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó tẹ́ wọn bí Gàníyù ṣe fẹ́ kó tẹ́ wọn fún ìyá wọn. Kò sẹ́ni tó jókòó tì í. Àwọn àgbà ní gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ló pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.

Pásítọ̀ Dúródọlá tù ú nínú. Ó ní kó má jẹ́ kí èṣù dá a lẹ́bi, pé ibi tó yẹ kí ikú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá a náà ló bá a, nídìí iṣẹ́ Ọlọ́run. Ó ní Ọlọ́run rí ìfẹ́ rẹ̀. Ògúnkúnlé ní ẹ ṣeun sà.

Nígbà tí ìkórè kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, wọ́n kun ògiri náà ní funfun, ọkùnrin kan tó ń fi ọ̀dà kọ̀wé sì wá kọ ọ́ sára rẹ̀ pé kí a fi gbogbo ọkàn fẹ́ràn Olúwa. Ọkùnrin náà béèrè bóyá kí òun kọ èkejì sí i, ti kí a fẹ́ràn ọmọnìkejì ẹni bí ara ẹni, torí pé àwọn méjèèjì ló máa ń tẹ̀ léra. Pásítọ̀ fi ojú wọn ògiri náà, ó ní kò ní gbà á, kó fi ti àkọ́kọ́ mọ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ ìkórè, wọ́n ní kí Bùrọ̀dá Olúkúnlé dìde, gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́ fún un. Akínọ̀ṣọ́ nìkan ni kò gbé ojú sókè.

Ó ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì náà. Kò mọ ibòmíràn tí yóò lọ. Bí wọ́n bá ń kọrin pé àwọn fẹ́ràn Jésù, ẹnu rẹ̀ á là, ohùn kò ní jáde. Ara ògiri ló máa ń wò. Bí ìrẹ́lé kan bá ti ń gbẹ kí òmíràn tó bá a, ojú ibi tí wọ́n ti pàdé kì í pa rẹ́, èèyàn ì báà kùn ún ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Ìlà tín-ín-rín kan bí irun orí ni, ó gba àárín ògiri náà kọjá lábẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ. Kò sẹ́ni tó rí i nínú gbogbo ìjọ. Gàníyù ì bá wọlé, ì bá kọ́kọ́ rí i. Ibẹ̀ ni sìmẹ́ǹtì àkọ́kọ́ tán sí, ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ó ti fọ ọwọ́.